Iná Kajú Tó Kú Nítorí Ojú Adéníyì

Iná kú lábẹ́ agbada Aïssatou láàárín gbùngbùn ìgbà kajú, ojú Adéníyì ló sì pa á.

Ẹni tó bá mọ Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wúwo tó. Èéfín kajú ló ń jí ènìyàn láàárọ̀, òun náà ló ń bá ènìyàn wọ inú ẹ̀wù lálẹ́. Àpáta tó yí ìlú ká á gbóná bí ẹni pé wọ́n gbé e ka iná, ọkọ̀ tó ń lọ sí Parakou á sì máa yà sétí títì kí àwọn èrò lè ra kajú yíyan. Ní àgbàlá ilé Ìyá Adéníyì, àwọn obìnrin márùn-ún ló ń yan kajú, Aïssatou sì ni olórí wọn. Láti ìgbà tí ọkọ Ìyá Adéníyì ti kú ló ti fún wọn láyè níbẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́.

Ní báyìí, ilé ti dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn obìnrin náà jókòó ti agbada, wọ́n ń lé eṣinṣin, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wá kí olókùú. Àpò kajú tí wọn kò tíì yan tò jọ sẹ́yìn wọn.

Adéníyì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ó fi aṣọ fèrèsé bo ara, etí aṣọ náà ló ń gbà yọjú. Olùkọ́ ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Kùtọnù, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Mùsé, ìyẹn ọ̀gá, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì jìnnà sí ogójì ọdún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú, wọ́n pupa, èépá sì gun orí wọn bí èèpo iṣu tí iná jó. Gbogbo àdúgbò gbà pé ilẹ̀gbóná ló mú un. Òun mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sọ.

Ilẹ̀gbóná ni àwọn àgbà ń pe àìsàn tó ń sú síni lára, torí wọn kì í dárúkọ rẹ̀ gan-an. Bóyá èyí tí àwọn dókítà ní ó ti kúrò láyé ni o, bóyá ara sísú lásán tó ń mú ọmọdé ni o, kò sẹ́ni tó ń dúró bèèrè. Ilé tó bá wọ̀ gbọ́dọ̀ tutù. Wọn kì í yan àgbàdo níbẹ̀, wọn kì í yan ẹ̀pà, ká má tíì sọ kajú tí òróró èèpo rẹ̀ ń bú gbàmù nínú iná. Wọn kì í gbálẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Wọn kì í pariwo. Aïssatou ń kírun, Laure tó kéré jù nínú wọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ kò sí èyí tó jiyàn. Lówùúrọ̀ tí Ìyá Adéníyì jáde tó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ilé mi gbóná," Aïssatou fúnra rẹ̀ ló bu omi lu iná.

Ìlà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Adéníyì kọ ìlà, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, ó sì jinlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nígbà èwe pé bí òjò bá rọ̀ sójú Níyì, ó mọ ọ̀nà tó máa gbà dé àgbọ̀n. Ṣẹ̀fẹ̀ ilé ni, kò dun ẹnikẹ́ni. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó ń wo ojú onílà lẹ́ẹ̀mejì.

Kùtọnù yàtọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ó wọ kíláàsì, ó kí àwọn ọmọ, wọ́n dìde láti dá a lóhùn, ó sì rí i pé gbogbo wọn ti fi kálàmù bíìkì aláwọ̀ búlúù fa ìlà mẹ́ta-mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àtọmọkùnrin àtọmọbìnrin. Wọ́n dúró ṣinṣin bí ọmọ ilé kan náà. Adéníyì rẹ́rìn-ín. Ohun tó rò pé ó yẹ kí ọkùnrin ṣe nìyẹn. Ó ní ó dáa, ẹbí òun ti pọ̀ sí i, ẹ jókòó. Ó kọ́ wọn dé òpin. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ẹ̀yìn kọ́ni: á kọjú sí pátákó, á máa kọ, á máa sọ̀rọ̀, á sì máa wá ìdí tí kò fi ní yíjú padà.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Dókítà Géraldine nìyẹn, obìnrin kan tó ń tọ́jú àìsàn awọ ní Kùtọnù. Dókítà náà kò tàn án. Ó ní lésà tí wọ́n fi ń dín ìlà kù kì í ṣe ohun ìparẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó le bí iná ni, ó ń jó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúrò lójú awọ kí ara lè hun tuntun láti ìsàlẹ̀ wá. Ìlà kò ní lọ tán, ṣùgbọ́n á fà sẹ́yìn. Nígbà kọ̀ǹjé Kérésìmesì, tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, ló ṣe ti àkọ́kọ́. Adéníyì ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó ń fi ìpara kun ojú, kò yọjú sí oòrùn, èépá ń bọ́ fúnra rẹ̀, kò sì fọwọ́ ṣí i. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, ó sọ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé alùpùpù zẹ́mìjàn ló gbé òun ṣubú. Nígbà tó yá, ojú jiná, ìlà sì ti fà díẹ̀. Olùkọ́ kan wò ó, ó ní, "Adéníyì, ó jọ pé o ń sanra." Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó sáré padà sọ́dọ̀ dókítà.

"Ẹ tún un ṣe, Dókítà. Ní báyìí."

"Mùsé, rárá o. Òkè ló jiná, abẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Awọ dúdú bíi tiwa kì í gbàgbé ìyà bọ̀rọ̀. Tí ẹ bá tún jó o kó tó sinmi tán, dúdú ló máa fi dá yín lóhùn."

"Ìgbà wo ló máa wá sinmi tán?"

"Ẹ dúró de kọ̀ǹjé ńlá. Ìgbà òjò ni, oòrùn kò ní le. Ẹ̀yin náà kì í gbin iṣu sórí ebè tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wa iṣu nínú rẹ̀ lánàá."

Kò dúró. Ó jókòó, ó ṣe ìṣirò, iṣẹ́ rẹ̀ ṣáà ni. Bí Kérésìmesì bá mú báyìí lọ, Àjíǹde á mú báyìí lọ, kọ̀ǹjé ńlá á sì mú ìyókù, nígbà tí ọdún ilé ẹ̀kọ́ tuntun bá fi máa bẹ̀rẹ̀, á lè kọjú sí kíláàsì tuntun. Ó gún régé lórí ìwé. Nígbà kọ̀ǹjé Àjíǹde, ó lọ sí ilé ìtọ́jú ojú mìíràn tí wọ́n fi iná mèremère kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bi í léèrè ìgbà tó ṣe é gbẹ̀yìn.

Adéníyì ní, "Ó ti lé lọ́dún."

Awọ kò gba irọ́ náà. Kó tó di ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti wú, omi ń yọ nínú ìlà, ó ń ta á bí ata. Àgbàlá kan náà ni òun àti àwọn olùkọ́ méjì ń gbé, kò sì sí zẹ́mìjàn tó lè gbé ènìyàn kan ṣubú lẹ́ẹ̀mejì sójú kan náà. Ó fi ìbòmú bo ojú, ó de fìlà mọ́lẹ̀, ó wọkọ̀, ó di Ṣábẹ̀ẹ́.

Ìyá rẹ̀ ṣí ìbòmú, ó sì pariwo.

"Kí ló ṣe ojú rẹ?"

"Ara mi kàn gbóná ni, Ìyá. Ó wá sú sí mi lójú."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun ti pẹ́ ní Kùtọnù débi pé òun gbàgbé ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dá sílẹ̀ nínú ilé ìyá òun. Bóyá. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé kì í sábà gbàgbé èèwọ̀ ilé. Èyí tó dájú ni pé nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wọ yàrá tó tutù jù, tó ta aṣọ sójú fèrèsé, tó lé àlejò, tó sì ní kí wọ́n pa iná, gbogbo rẹ̀ bá ìmọ̀ràn dókítà mu rẹ́gí. Kò sí oòrùn, kò sí èéfín, kò sí ojú ènìyàn. Adéníyì dùbúlẹ̀, ó sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó ní lọ́la òun á sọ. Lọ́la dé, ó tún sọ ọ́ di lọ́la.

Ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ibẹ̀ ló ń sùn. Ẹ̀kọ tútù ni ọmọ ń jẹ, òun náà sì ń jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ikọ́ tí kì í fẹ́ nǹkan tútù. Lójoojúmọ́, tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, Adéníyì á gbọ́ tó ń rọra sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń bẹ àlejò ńlá: "Ẹ rọra, Bàbá. Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún mi ni." Á wúkọ́, á tún bẹ̀bẹ̀. Kò sẹ́ni níbẹ̀ tó ń bẹ̀. Adéníyì á fi ìrọ̀rí dí etí, ojú á sì máa tì í títí dé ẹsẹ̀.

Aïssatou náà tún dá kún ìtìjú rẹ̀, torí oore ló ń ṣe. Òun ló ń já ewé tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń pọn omi tútù. Ìṣòro tirẹ̀ sì wà nílẹ̀. Obìnrin kan láti Bohicon ló máa ń ra kajú wọn, ó sì ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Tí kò bá bá kajú yíyan níbẹ̀, á kọjá sọ́dọ̀ àwọn obìnrin Okpara, bóyá kò sì ní padà mọ́. Wọ́n ti gbìyànjú láti gbé agbada lọ sí àgbàlá mìíràn, ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́ kí ẹni tó ti inú ilé tó gbóná bọ̀ wá dáná nílé òun? Gbogbo èyí ni Adéníyì ń gbọ́. Fèrèsé kò jìnnà sí agbada.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ọjà ku ọ̀la, Laure sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Irú èyí ti mú àbúrò mi rí. Ó sú sí i lórí, ó sú sí i ní ìdí, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀."

Aïssatou ní, "Laure, pa ẹnu rẹ mọ́."

"Mo gbé omi lọ fún Ìyá láàárọ̀, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Mo rí i. Ọrùn rẹ̀ ń dán. Ọwọ́ rẹ̀ ń dán. Iwájú orí rẹ̀ ń dán bí ìdí ọmọ tuntun. Orí ìlà nìkan ló sú sí! Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀gbóná wo ló kàwé tó báyìí, tó ń tẹ̀lé ìlà tí kò yà?"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu àwọn tó kù. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ má fi àìsàn ṣeré," ni Aïssatou wí. "Níyì ń gbọ́ yín."

"Kó gbọ́. Kajú mi náà ń gbọ́."

Kì í ṣe Adéníyì nìkan ló gbọ́. Ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ṣí, arúgbó náà wọlé, kò wo ojú rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó lọ fa aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ wọlé.

"Yíjú sí mi."

Ó yíjú. Ìyá súnmọ́ ọn. Ó na ìka, ìka náà ń tẹ̀lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lókèèrè, kò kàn án.

"Èmi ni mo di orí rẹ mú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti bẹ̀rẹ̀. Kí lo fi jó wọn?"

Adéníyì sọ fún un. Ó sọ ti lésà, ó sọ ti Kérésìmesì, ó sọ ti irọ́ tó pa fún ọkùnrin kejì. Ó ti ń gbaradì fún ìbínú nípa ìlà. Ó ti to àwíjàre sílẹ̀ láti Kùtọnù: pé ayé ti yí padà, pé òun kọ́ ló ní kí wọ́n kọ òun, pé àwọn ọmọ fi bíìkì ya òun sójú ara wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi bíìkì ni ìyá rẹ̀ fọwọ́ dá a dúró.

"Ìlà? Ojú rẹ ni. Bàbá rẹ tó ní kí wọ́n kọ ọ́ ti lọ. Mo sunkún ìlà yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, mi ò ní sunkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì." Ó tọ́ka síta. "Iná ni mò ń bi ọ́. O dùbúlẹ̀ síbí, ò ń wo obìnrin márùn-ún tó jókòó ti eérú, o ò sì sọ̀rọ̀?"

Adéníyì wo ilẹ̀. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá kó sínú rẹ̀.

"Mo rò pé o máa kú," ni ìyá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Ikọ́ mú un. Ó dúró kó lọ. "Dìde. Lọ fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, oòrùn... dókítà ní..."

"Mú agbòjò mi."

Agbòjò obìnrin ni, òdòdó pupa ló wà lára rẹ̀, egungun rẹ̀ kan sì ti ṣẹ́, ó rọ̀ sílẹ̀ bí apá adìyẹ. Abẹ́ rẹ̀ ni olùkọ́ ìṣirò gbà jáde sí àgbàlá lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó ń bó, láìsí ìbòmú. Àwọn obìnrin náà wò ó. Eṣinṣin nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o."

Laure ló dáhùn. "Ẹ káàbọ̀, Mùsé. Ṣé àlejò yín ti fún yín láyè?"

"Kì í ṣe ilẹ̀gbóná," ni Adéníyì wí. "Ẹ̀rọ ni. Mo lọ ṣe é ní Kùtọnù. Mo fẹ́ kí ìlà mi fà sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n dúró kí awọ sinmi kí n tó tún un ṣe, mi ò dúró. Mo wá parọ́ fún Ìyá. Ẹ má bínú."

Laure rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ọwọ́ tí òróró kajú ti sọ di dúdú, tí awọ rẹ̀ ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná. "Yé! Mùsé gbéra lọ sí Kùtọnù lọ bó awọ! Ẹ̀ bá sọ fún mi, ǹ bá fi èèpo kajú bó o fún yín níbí!"

Àwọn yòókù dara pọ̀ mọ́ ọn. Aïssatou kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wá dúró níwájú Adéníyì. Ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, òun ló máa ń pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sóko ní Bessé. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ náà, ó sì dúdú ju ti Laure lọ.

"Wo ọwọ́ mi, Níyì. Ọdọọdún ni kajú ń bó o. Tí òjò bá dé, màá fi í sílẹ̀, á sinmi, á hu awọ mìíràn. Mi ò bá ọ wí pé o bó ojú rẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí o ti dé, mi ò se oúnjẹ gbígbóná nílé mi. Ọkọ mi ń bínú, mo ní kó ṣe sùúrù, àbúrò mi ń ṣàìsàn. Ewé tí mo ń já, kí lo ń fi í ṣe?"

"Mo ń fi í wẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"O ń fi í wẹ̀."

Ó yí padà sí àwọn obìnrin. "Ẹ tan iná. Ohun tí a bá lè yan kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, a ó yan án. Kò ní tó ìdajì, ṣùgbọ́n oníbàárà wa kò ní bá wa lọ́wọ́ òfo." Wọ́n ti ń kó igi jọ. Ó tún bojú wẹ̀yìn, ó wo Adéníyì lábẹ́ agbòjò olódòdó bí ẹni tó ń wo àlejò láti ọ́fíìsì ìjọba.

"Ẹ wọlé, Mùsé. Èéfín ò dáa fún ojú yín."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò pè é ní Mùsé rí, kò sì sọ "ẹ" fún un rí. Adéníyì dúró díẹ̀, bóyá ó ń retí kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́nà mìíràn. Iná gbà. Òróró kajú bú gbàmù, èéfín dúdú gbéra, Adéníyì sì wọlé.

Ó ya fọ́tò ojú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Dókítà Géraldine, ó sì pè é. Dókítà wo fọ́tò náà.

"Ta ló ṣe eléyìí fún yín?"

"Èmi ni, Dókítà. Èmi ni mo parọ́ fún wọn."

Kò sí ìbáwí nínú ohùn obìnrin náà, iṣẹ́ ló gbájú mọ́. Ó ní kó máa fi ìpara kùn ún, kó má ṣe fọwọ́ ṣí èépá. Ó ní ibi tí lésà gbà máa dúdú, dúdú náà á ju ìlà fúnra rẹ̀ lọ, á sì pẹ́ kó tó wálẹ̀. Bóyá á wálẹ̀ tán, bóyá kò ní tán. Ọdún kan gbọ́dọ̀ yí po kí ẹnikẹ́ni tó tún fi iná kankan kàn án, òun pàápàá kò sì tíì ṣèlérí pé òun á ṣe é.

"Àwọn ọmọ á rí i tí wọ́n bá wọlé padà," ni Adéníyì wí.

"Wọ́n á rí i. Ariwo wo nìyẹn? Ṣé wọ́n ń dáná nítòsí yín?"

"Wọ́n ń yan kajú."

"Ẹ yáa ti fèrèsé."

Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ wọlé. Kì í ṣe ẹ̀kọ tútù mọ́. Iṣu gbígbóná ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata, ooru ń rú lórí rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ lórí àga, ó ká ẹní rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó há a sábẹ́ apá, ó sì jáde láìsọ̀rọ̀. Adéníyì rí i tó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá, ó mú àwo tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin náà ló lọ, ó fa àpótí kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Aïssatou, ó sì ń jẹun nínú èéfín, tòun ti ikọ́ rẹ̀.

Ooru ọbẹ̀ ń ta Adéníyì lójú. Ó sún un jìnnà. Ó dìde, ó ti fèrèsé. Yàrá náà ṣókùnkùn, ó sì gbóná lójú ẹsẹ̀. Níta, Laure sọ ohun kan tí kò gbọ́ dáadáa, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ń fetí sílẹ̀ bóyá ohùn ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ó wà níbẹ̀.